Iná Tí Bàbá Dá fún Àwọn Ẹyẹ

Gbogbo àwọn tó wá kí wa nígbà tí Bàbá kú ló ń sọ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni Bàbá, pé wọn kì í sọ̀rọ̀. Mo jókòó lórí ẹní, mo ń ṣe àmín, mo ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ta ló ní Bàbá kì í sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ kún inú wọn bámúbámú. Ẹni tí wọ́n máa sọ ọ́ fún ni kò sí. Ọ̀rọ̀ iná ni ọ̀rọ̀ Bàbá, ta ló sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ iná ní Ajégúnlẹ̀ tiwa yìí, lápá Kòsọ̀fẹ́, níbi tó jẹ́ pé omi la máa ń sá fún lọ́dọọdún?

Mi ò ní sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n tán. Bàbá ló bí màmá mi. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ṣe gáàdì nínú igbó kan tí ìjọba fi ń pa ẹran mọ́ lápá òkè lọ́hùn-ún, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìyá àgbà kú, màmá mi lọ mú Bàbá wá sí Èkó, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa dá gbé. Nígbà mìíràn tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. A mú èèyàn kúrò níbi tó ti ń dá gbé, a mú un wá sáàárín èrò kó lè wá dá wà.

Èmi ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ iná yẹn. Kì í ṣe pé mo dára ju àwọn yòókù lọ. Tòmátì ni mò ń tà ní Mile 12, ìdájí la máa ń bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, mo ti tà tán, mo ti dé ilé. Ní àkókò yẹn, gbogbo ilé ti lọ síbi iṣẹ́, ó ku Bàbá nìkan lórí àga ní fàráńdà ẹ̀yìn, tí wọ́n ń wo àbàtà. Ẹsẹ̀ á ti máa dùn mí, mo á jókòó tì wọ́n. Bí mo ṣe di ẹni tó mọ iná nìyẹn.

Bí mo bá sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ iná ni Bàbá ṣe nínú igbó ìjọba, wọ́n máa ń rò pé pípa ni wọ́n ń pa á. Rárá o. Dídá ni wọ́n ń dá a. Ní gbàrà tí òjò bá ti lọ, tí orí koríko ti ń pọ́n ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, Bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn á wọ inú ọ̀dàn lọ, wọ́n á dáná sí i. Iná yẹn kì í gòkè. Ilẹ̀ ló máa ń bá lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń gbálẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìrì á pa á. Koríko gbígbẹ àti ìtàkùn ló máa jẹ, kò ní kan gbòǹgbò. Kò ní pẹ́ rárá tí koríko tútù á fi hù jáde, àgbọ̀nrín á wá, ẹfọ̀n á wá, àparò á máa ṣa kòkòrò jẹ káàkiri ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá lọ tí wọn ò dáná, tí òmíràn tún lọ, koríko gbígbẹ á máa gorí ara wọn. Lọ́jọ́ kan láàárín gbùngbùn ọyẹ́, ọdẹ kan tàbí darandaran kan á ju ògúnná sílẹ̀, iná náà á gun igi, á jó ẹyin, á jó ọmọ ẹran, á jó igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó jọ mí lójú. Mo ní, "Bàbá, ṣé kò wá ní dáa kí iná má dé inú igbó rárá ni?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n pé ṣé kò ní dáa kí òjò má rọ̀. "Àbẹ̀kẹ́," wọ́n ní, "kò sí ọ̀dàn tí kì í jó. Kí ẹ yan ọjọ́ tó máa jó, tàbí kí ọjọ́ yàn yín."

Inú fìlà ni ìṣáná Bàbá máa ń wà. Wọ́n á fi ọ̀rá wé e, wọ́n á ká etí fìlà lé e. Síbẹ̀, mi ò rí i kí wọ́n ṣá a lásán rí. Bí wọ́n bá mú iná mànàmáná lọ, tí gbogbo ilé dúdú, tí màmá mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣáná sí àbẹ́là," wọ́n á ní ká lọ wá tọ́ọ̀ṣì. Ìṣáná iṣẹ́ ni tiwọn.

Ọdún kan wà tí odò Ògùn kún tó sì wọlé bá wa dé orúnkún. Ẹ ò ní mọ ariwo tó máa ń wà nínú ilé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ bí ẹ kò bá gbé ìsàlẹ̀ odò rí. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n lé orí, màmá mi ń fa bẹ́ẹ̀dì, ìrẹsì ti rin. Bàbá dúró sáàárín omi, wọn ò mú nǹkan kan, àfi ọwọ́ kan tí wọ́n fi di fìlà mú lórí.

Màmá mi kígbe. "Bàbá! Ẹ ò ṣe bá wa gbé nǹkan?"

Bàbá ò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, "Nǹkan ni mo gbé."

Wọn kì í bá èèyàn jà, ṣùgbọ́n wọ́n bá Mummy Báyọ̀ jà. Aránṣọ ni Mummy Báyọ̀, opó ni, ilé pákó rẹ̀ ló sún mọ́ àbàtà jù lọ nínú gbogbo wa. Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń kó pàǹtí jọ sẹ́yìnkùlé, ọ̀rá, fóòmù, àjákù aṣọ, á dáná sí i, èéfín dúdú á sì gba fàráńdà wa kọjá. Bàbá ní sùúrù fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pọn omi sínú kẹ́tùlù tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, wọ́n rìn lọ síbẹ̀, wọ́n sì dà á sórí iná náà ṣàà.

Mummy Báyọ̀ fọwọ́ lérí. "Ẹ̀n-ẹ́n! Baba, ẹ̀yin tí ẹ gbé ìṣáná lérí káàkiri, ẹ̀yin náà lẹ wá ń pa iná mi? Kí ni mo ṣe fún yín gan-an?"

"Iná yín kò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni," Bàbá ní.

Láti ọjọ́ náà ni kíkí ti dáwọ́ dúró láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Mummy Báyọ̀, kò lè rí àgbàlagbà kó kọjá lófìfo. Bó bá pàdé Bàbá, á kúnlẹ̀ ààbọ̀, kò ní la ẹnu. Bàbá á mi orí, àwọn náà ò ní la ẹnu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń san àsanpadà ohun tí kò yá. Mo ní kí Bàbá jẹ́ ká parí ìjà náà. Wọ́n ní, "Mi ò bá a jà. Iná rẹ̀ ni mo bá jà."

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó gbọ́ èdè Bàbá, ìyẹn Bàbá Làmídì, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú igbó, tó wà nílé lọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ran dáadáa mọ́. Bí wọ́n bá wà lórí fóònù, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. "Ṣé wọ́n ti dá a?" Bàbá á pariwo. "Wọn ò dá a o! Àwọn ọmọ tuntun ní àwọn ò ní dáná!" "Ibo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà?" Afẹ́fẹ́ ibi tí wọn ò lè dé mọ́ ni wọ́n ń béèrè. Nígbà tí Bàbá Làmídì kú, Bàbá gbé fóònù wọn sórí wíńdò, wọn ò fi í sí ṣáájì mọ́. Mo bá wọn fi í síná, mo gbé e fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn. "Ta ni màá pè, Àbẹ̀kẹ́?"

Mo gba fóònù náà padà.

Àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà, kò sẹ́ni tó kà á sí. Omi máa ń bò ó tó bá di ìgbà òjò, èyí ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ́lé sí i. Eèsún ló hù síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàkùn ti fún eèsún náà lọ́rùn, ìdí rẹ̀ ti di òkìtì koríko gbígbẹ. Bàbá ń wò ó láti orí àga, wọ́n á máa mi orí. Wọ́n ní ẹyẹ kankan kì í balẹ̀ síbẹ̀, pé àparò ò lè rìn níbi tí ilẹ̀ ò bá là. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Má lọ sọ́jà lónìí."

Wọ́n ti fi àdá la ọ̀nà gba inú àbàtà náà, wọ́n pín in sí ìdá mẹ́ta. Ìdá kan ni a máa jó lọ́dún yẹn, òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ìkẹta lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí ẹyẹ lè máa ríbi sá sí nígbà gbogbo. Wọ́n bu eérú, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ́wọ́ wọn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni wọ́n ti ṣáná, kí iná náà lè máa kọjú sí afẹ́fẹ́ bọ̀, kó má lè sáré. Wọ́n gbé ẹ̀ka tútù lé mi lọ́wọ́ pé bó bá ti fẹ́ kọjá ọ̀nà, kí n lù ú. Mo ń sá síhìn-ín sá sọ́hùn-ún, ooru ń jó mi lójú, títí wọ́n fi fà mí lápá bọ́ sórí ilẹ̀ dúdú tí iná ti kọjá lórí rẹ̀.

"Ibi tó ti jó ni kí o dúró sí," wọ́n ní. "Iná kì í padà síbi tó ti jẹun."

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo àdúgbò ti jáde. Mummy Báyọ̀ wà níwájú, ó wé gèlè sídìí. "Ẹ gbà wá o! Baba fẹ́ sun wá jóná o! Ẹ bá mi pe àwọn boys!" Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn boys náà fi dé, iná ti kú fúnra rẹ̀ létí ọ̀nà tí Bàbá là, Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀run, àwòdì ti ń yí ká nínú èéfín, wọ́n ń já bọ́ láti gbé tata tó ń sá fún iná. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Bàbá na ìka sí wọn, wọ́n ń pè mí bí ọmọdé pé, "Wò ó, wọ́n rí wa! Wọ́n rí wa!" Kò tíì sí ìgbà tí mo rí Bàbá bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé Èkó.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo fojú mi rí i. Koríko hù, ó tutù minimini. Kí ọdún náà tó yí, ẹ̀gà ti ń hun ilé sórí eèsún lápá kejì, àparò ń ké láàárọ̀, ọ̀yà la ojú ọ̀nà síbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a jó ìdá kejì. Ẹyẹ tún pọ̀ sí i. Bàbá mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ èyí tó ń tiro, wọ́n mọ èyí tó máa ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Bí mo bá ti ọjà dé, wọ́n á máa ròyìn wọn fún mi. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti lọ́mọ tuntun, pé wọ́n ti gbàgbé àwa. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin máa ń jáde láàárọ̀. Àwọn yìí máa ń wà nílé."

Àṣìṣe tí Bàbá ṣe, kò sẹ́ni tí wọ́n bí sí Kòsọ̀fẹ́ tó lè ṣe é. Níbi tí a wà yìí, kò sẹ́ni tó ń dáná sun ìgbẹ́ nítorí ìgbẹ́. Bí ẹ bá ti rí ilẹ̀ tí wọ́n jó, tó mọ́ tónítóní, ẹ mọ̀ pé títà ni wọ́n fẹ́ tà á. Gbogbo wa la mọ̀, èmi náà mọ̀, kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni lè wo àbàtà yẹn kó rí pulọ́ọ̀tì. Bàbá ò mọ̀ rárá.

Ọkùnrin kan tó ń ṣe àjẹ́ńtì ilẹ̀ mú ẹnì kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni náà wọ bàtà tó ń dán. Wọ́n kí Bàbá dáadáa. Wọ́n ní àwọn rí iṣẹ́ tí Bàbá ṣe sẹ́yìn ilé, pé àwọn fẹ́ wò ó. Bàbá dìde lórí àga bí ọ̀dọ́. Wọ́n rò pé ẹyẹ ni wọ́n wá wò. Wọ́n di ọkùnrin oníbàtà dídán náà lọ́wọ́ mú, wọ́n mú un yí ká, wọ́n fi ìtẹ́ ẹ̀gà hàn án, wọ́n fi ibi tí ilẹ̀ ti le hàn án àti ibi tí omi máa ń dé. Ọkùnrin náà ń ya fọ́tò, inú Bàbá sì ń dùn. Ìgbà tí wọ́n padà sí fàráńdà ni àjẹ́ńtì yẹn wá ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Èló lẹ ń gbà lórí pulọ́ọ̀tì kan?"

Bàbá wo ojú mi pé kí n bá àwọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá ni ọkùnrin náà sọ.

Kò pẹ́ tí Múfú fi dé. Ìdílé Múfú ló ni gbogbo ilẹ̀ apá ibẹ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì wá fún Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baba, ẹ ṣé o. Ilẹ̀ tí a ti rò pé swamp lásán ni, ẹ ti bá wa là á. Ẹ má bínú, family wa ló ni ín ṣá. Ẹ máa bá wa jó ìyókù náà díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ti dín wàhálà wa kù." Inúure ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kan pẹ́ẹ̀gì mọ́lẹ̀, típà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n sì fi yanrìn bo ìdá kìíní tí a kọ́kọ́ jó, koríko tútù, ihò ọ̀yà, gbogbo rẹ̀. Bàbá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò jẹ búrẹ́dì yẹn. Lálẹ́, nígbà tí màmá mi ní kí wọ́n wá jẹun, wọ́n ní, "Èmi ni mo fi ọ̀nà hàn wọ́n. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, ìdá kẹta ló yẹ ká jó. Mo ti ń retí pé wọ́n á ní kí n má lọ sọ́jà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ní, "Bàbá, òjò ti lọ o." Wọ́n ní àwọn rí i. Mo ní, "Ṣé ẹ ò ní dáná ni?"

"Bí mo bá dáná, ilẹ̀ á mọ́. Bó bá mọ́, wọ́n á tà á. Jẹ́ kó dọ̀tí."

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ná wọn. Ohun tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé bá àwọn ẹlòmíràn jà lé lórí ni wọ́n wá ń ṣe yìí. Bí wọ́n bá dáná, wọ́n pàdánù ibẹ̀ fún Múfú. Bí wọn ò bá dáná, koríko gbígbẹ á máa jókòó de iná. Wọ́n yàn láti máa ṣọ́ ọ. Ọdún yẹn kọjá, wọn ò dá a. Òmíràn dé, wọn ò dá a. Ìtàkùn padà, koríko gorí ara wọn, àwọn oníbàtà dídán wá wò ó, wọ́n yínmú, wọ́n lọ. Ẹyẹ ń dín kù, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà, Bàbá sì ń jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ di àṣálẹ́ pẹ̀lú kẹ́tùlù omi lẹ́sẹ̀ àga. Kẹ́tùlù o! Fún odidi àbàtà! Inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè pa á." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣé kí n wá fi í sílẹ̀ lóun nìkan?"

Iná náà dé ní gbùngbùn ọyẹ́, lọ́sàn-án gangan. Apá ibi tí àwọn awatípà ti máa ń dáná oúnjẹ ni èéfín ti kọ́kọ́ yọ, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó dá a, mi ò sì lè purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìró rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́. Afẹ́fẹ́ ń tì í bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ó ga ju ilé lọ. Ìdá kejì ló kọ́kọ́ mú. Ìdá kẹta ló wà láàárín iná àti àwa, ilé pákó Mummy Báyọ̀ ló sì máa kọ́kọ́ kàn. Mummy Báyọ̀ wà nínú ilé, ó ń fa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò lè gbé e, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń da ọ̀rá pure water sí i, omi náà ń gbẹ kó tó kan ilẹ̀.

Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n mú ìṣáná. Wọ́n lọ dúró ní etí ìdá kẹta, lápá ibi tí ilé Mummy Báyọ̀ wà, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí: bí iná ńlá bá ń bọ̀, tí omi ò sì sí, iná kékeré ni kí ẹ rán lọ pàdé rẹ̀, kó lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán kó tó dé. Ṣùgbọ́n inú ìdá kẹta yìí ni àwọn ẹyẹ tó kù wà. Àparò kan ń sàba níbẹ̀, Bàbá ti fi hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sì ti rọra fẹ̀yìn rìn kúrò kí a má bàa lé e.

Mo ní, "Bàbá. Àparò yẹn."

"Mo mọ̀."

Wọ́n dúró. Ẹnu wọn ń mì, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n wá ṣáná.

Àwọn èèyàn rí i pé Bàbá ń dáná. Ẹnì kan kígbe pé bàbá yìí náà ló dá ti àkọ́kọ́, ẹnì kan gbá fìlà wọn bọ́ sílẹ̀. Mo ń fi ẹ̀ka tútù lu iná lápá ilé, mo ń bú gbogbo wọn, ẹnu tí mo fi ń tajà ní Mile 12 ni mo fi bú wọn. Iná kékeré náà ń fà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń jẹ koríko lọ sínú. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, mo bo ojú mi. Ìgbà tí mo ṣí i, kò sí nǹkan tí iná tún máa jẹ mọ́. Ilé Mummy Báyọ̀ dúró. Gbogbo ilé wa dúró.

Wọ́n ní bí iná bá jóni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Bàbá gbọ̀n ti aládùúgbò dànù, wọ́n jẹ́ kí tiwọn jó.

Mummy Báyọ̀ jáde wá, eérú kún orí rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ dúdú tó wà níwájú ilé rẹ̀, ó wo Bàbá. Ó yé e. Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló yé. Ó kúnlẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi kanlẹ̀ nínú eérú. Bàbá mi orí sí i, wọ́n sì wọ inú ibi tó jó lọ. Àwòdì ti dé, wọ́n pọ̀, wọ́n ń gbé tata. Bàbá ò gbójú sókè.

Wọ́n rí àparò náà lórí ẹyin rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin ín pẹ̀lú ẹyin rẹ̀. Nígbà tí mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Ó lápá méjì, ó lè fò," wọ́n ní. "Kò fò, Àbẹ̀kẹ́."

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, Bàbá gbé àga kúrò ní fàráńdà. Inú yàrá ni wọ́n ń jókòó sí. Múfú wá dúpẹ́, ó ní ilẹ̀ ti mọ́ pátá báyìí, pé Ọlọ́run á san án fún Bàbá. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa aṣọ rẹ̀. Àìsàn tó mú wọn lẹ́yìn náà, wọ́n ní àyà ni, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá ń jí láàárọ̀ tí kò ní nǹkan tó ń wò, kì í pẹ́.

Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀ báyìí. Àwọn onílé tuntun náà kì í ṣe èèyàn burúkú, a máa ń kíra. Mo ṣì máa ń tà tán lọ́sàn-án, mo ṣì máa ń jókòó ní fàráńdà, ògiri ni mò ń wò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dáná fún koríko. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo afẹ́fẹ́, mo mọ ibi tí èèyàn máa dúró sí. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún, kò sì síbi tí mo lè lò ó. Lọ́jọ́ mìíràn, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n pe ẹnì kan, ẹnikẹ́ni, kí n pariwo bi í pé ibo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà lọ́dọ̀ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Bàbá máa kú, òjò kan ṣoṣo rọ̀, òjò àkọ́rọ̀. Mo ti ọjà dé, mo gba ẹ̀yìn ilé, mo rí i pé gbogbo ilẹ̀ dúdú yẹn ti tutù minimini, láti etí ilé Mummy Báyọ̀ dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀gà bíi mélòó kan sì ti ń fò káàkiri lórí rẹ̀ tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa hunlé sí. Mo sáré wọlé. Mo ní, "Bàbá! Ó ti hù o! Ẹyẹ ti ń padà!"

Wọ́n ṣí ojú. Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò tíì da yanrìn sí i ni?"

Mo ní wọn ò tíì dà á, pé típà ò tíì wá.

Bàbá yíjú sí ògiri. "Lọ bá mi sọ fún Múfú kó tètè dà á," wọ́n ní. "Koríko yẹn ń tan àwọn ẹyẹ jẹ."